Ọwọ́ Òsì Nìkan Kì í Tọ́ Ọmọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a ó fi fà á mọ́ra. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn òbí nìkan ni òwe yìí ń bá wí, ṣùgbọ́n ó kan ìjọba pẹ̀lú. Nígbà tí ìjọba bá bu owó gọbọi lé ọjà tó ń ti òkèèrè wọlé, ọwọ́ òsì ló fi ń bá wa wí. Ó ń sọ fún wa pé ká yé jẹ ohun tí a kò gbìn, ká yé wọ ohun tí a kò hun. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n níbo ni ọwọ́ ọ̀tún wà? Ọwọ́ ọ̀tún ni iná mànàmáná, ọ̀nà oko tí mọ́tò lè gbà, ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn, àti owó yíyá tí èlé rẹ̀ kò ní pa àgbẹ̀. Ìnáwó ìjọba ni gbogbo ìwọ̀nyí. Bí ìjọba bá wá ń gé ìnáwó náà kù ní àkókò kan náà tó ń jẹ́ kí owó ibodè ga sí i, ọwọ́ òsì méjèèjì ló fi ń nà wá. Ohun tí mo fẹ́ jà fún nínú àròkọ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: ìjọba kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ará ìlú, kó sì tún gbé oúnjẹ inú ilé kúrò níwájú wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ní ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà ni mí ní ìlú Ìbàdàn. Mò ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ètò ọrọ̀-ajé, ìyá mi sì ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà àti gààrí. Nítorí náà, ohun tí olùkọ́ mi bá kọ sójú pátákó láàárọ̀, mo máa ń bá a nínú ìwé ọjà ìyá mi nírọ̀lẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Owó ibodè ni owó tí ìjọba ń gbà lórí ọjà tó ń wọ̀lú láti òkèèrè. Owó kọ́sítọ́ọ̀mù ni àwọn oníṣòwò ń pè é. Gígé ìnáwó ìjọba kù ni pé kí ìjọba dá owó dúró lórí nǹkan tó ti ń náwó lé tẹ́lẹ̀, ìbáà jẹ́ ìrànwọ́ orí epo, oògùn, àtúnṣe ọ̀nà tàbí iye òṣìṣẹ́.

Owó ibodè kì í ṣe nǹkan tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Kí òyìnbó tó dé ni oníbodè ti ń jókòó sí ẹnu odi ìlú, tí alájàpá tó bá ru ẹrù kọjá sì ń san owó ẹyọ kó tó wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ta ni ó ń san owó náà ní tòótọ́? Alájàpá kì í ṣe òmùgọ̀. Bó bá ti san án lẹ́nu ibodè, yóò bù ú lé orí ọjà rẹ̀ ni. Obìnrin tó wá ra iyọ̀ lọ́jà ló sanwó oníbodè láìfojú kan oníbodè. Bó ṣe rí nígbà náà ló ṣe rí lónìí. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ tí olóṣèlú kan ń wí pé òun yóò mú kí àwọn orílẹ̀-èdè òkèèrè san owó, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ta ni yóò ra ọjà náà.

N kò sọ pé owó ibodè burú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo mọ̀ pé ilé iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù dà bí ọ̀gbìn tuntun. Bí a kò bá ṣọgbà yí i ká, ewúrẹ́ yóò jẹ ẹ́. Ẹ wo sìmẹ́ǹtì. Láti ọdún 2002 ni ìjọba ti mú un le fún àwọn tó ń kó sìmẹ́ǹtì wọlé pé kí wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ síbí. Lónìí, Obájánà ní ìpínlẹ̀ Kogí, àti Ìbẹṣẹ̀ àti Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ń pèsè sìmẹ́ǹtì tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń tà nínú rẹ̀ fún orílẹ̀-èdè mìíràn. Ọgbà náà ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, nínú oṣù Kejì ọdún 2024, àpò sìmẹ́ǹtì kan gun orí 10,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ìlú, títí ìjọba fi pe àwọn tó ń ṣe é sí ìpàdé. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Odi lè mú kí ilé iṣẹ́ dìde. Ṣùgbọ́n odi nìkan kò lè mú kí ọjà rọjú, nítorí ẹni tí kò ní alábàádíje kò ní ìdí láti dín iye ọjà rẹ̀ kù.

Ti sìmẹ́ǹtì tilẹ̀ sàn. Ẹ wá gbọ́ ti ìrẹsì, nítorí òun ni mo mọ̀ jù.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún iye ìrẹsì ni ẹni tó bá kó o gba èbúté wọlé ní láti san fún ìjọba. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, aládùúgbò wa, kì í gba tó bẹ́ẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ìrẹsì ń sọ̀ kalẹ̀ ní Kútọnu, ó sì ń gba inú igbó wọ Nàìjíríà lóru. Odi gíga ló bí fàyàwọ́. Nígbà tí ìjọba rí i pé fàyàwọ́ kò dópin, nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2019 ó ti gbogbo ẹnubodè orí ilẹ̀ pa. Ó yani lẹ́nu pé ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún yẹn gan-an, ní ìlú Niamey, ni ààrẹ wa fọwọ́ sí ìwé àdéhùn òwò ọ̀fẹ́ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ló wà láàárín ìfọwọ́síwèé àti ìtìlẹ̀kùn.

Ó tó oṣù mẹ́rìndínlógún kí wọ́n tó ṣí mẹ́rin nínú àwọn ẹnubodè náà, títí kan Sẹmẹ̀, nínú oṣù Kejìlá ọdún 2020. Láàárín ìgbà náà, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, àwọn aṣọ́bodè pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé epo bẹntiróòlù lọ sí ilé epo tó wà ní ìwọ̀n 20 kìlómítà sí ẹnubodè. Ẹ rántí pé kì í ṣe ajèjì ló wà lẹ́bàá ẹnubodè náà. Ará Ìdí-Ìrókò àti Ìmẹ̀kọ ni wọ́n, Nàìjíríà ni wọ́n, wọ́n sì ní ọkọ̀ àti ẹ̀rọ tó ń mu epo. Lódì kejì, Kétu, Sábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ kún fún ìbátan wọn. Òyìnbó ló fa ìlà láàárín ọmọ ìyá, àwa ni a wá fi ìlà náà dá ara wa lẹ́bi.

Nínú ìwé ìyá mi, àpò ìrẹsì tó rà ní 16,000 náírà kí wọ́n tó ti ẹnubodè ti di 24,000 nígbà tí Kérésìmesì ọdún 2019 fi dé. Wọ́n sọ fún wa pé ká fara dà á, pé ìrẹsì tiwa yóò pọ̀, yóò sì rọjú. Ní tòótọ́, àwọn àgbẹ̀ kan gbìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo sì kí wọn. Àmọ́ ìrẹsì kì í ti oko dé inú ìkòkò lọ́jọ́ kan. Ó nílò omi, irúgbìn tó dára, ajílẹ̀, ọ̀nà, ẹ̀rọ tó ń lọ̀ ọ́, àti iná tí ẹ̀rọ náà yóò fi ṣiṣẹ́. Ó nílò ààbò, kí àgbẹ̀ lè sùn lóko láìsí pé wọ́n jí i gbé. Nínú oṣù Kìíní ọdún 2023, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ ìrẹsì ńlá kan ní Ìmọ́tà, ní ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n ní ó lè pèsè mílíọ̀nù méjì àbọ̀ àpò lọ́dún. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í lọ afẹ́fẹ́. Ìrẹsì tí a kò tíì bó ló ń lọ̀, láti oko ni ìyẹn sì ti ń wá. Ìjọba ti ilẹ̀kùn ìta, ṣùgbọ́n kò tún inú ilé ṣe. Ọwọ́ òsì ṣiṣẹ́, ọwọ́ ọ̀tún wà nínú àpò.

Bí ọ̀rọ̀ owó ibodè ti rí nìyẹn. Ní ọdún 2023, ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé ìnáwó jáde.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lọ́jọ́ tó gba ọ̀pá àṣẹ, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Epo tí lítà rẹ̀ kò tó 200 náírà nílé epo ìjọba fò lọ sí nǹkan bíi 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nínú oṣù Keje, ó di 617 ní Àbújá. Nígbà tí oṣù Kẹwàá ọdún 2024 fi máa dé, ó ti tó 1,000. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún péré lẹ́yìn ìkéde àkọ́kọ́ ni wọ́n tún tú okùn ọrùn náírà, pé kó máa bá dọ́là du iye ara rẹ̀ lọ́jà. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi 470 náírà kọjá 1,500 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ ńkọ́? 30,000 náírà ló wà títí di òpin oṣù Keje ọdún 2024, kó tó di 70,000. Oṣù mẹ́rìnlá gbáko ni òṣìṣẹ́ fi owó àtijọ́ ra ọjà tuntun.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. N kò gbèjà owó ìrànwọ́ orí epo. Ní ọdún 2022 nìkan, ó jẹ ju tírílíọ̀nù mẹ́rin náírà lọ, àwọn tó ní mọ́tò mẹ́ta nínú ọgbà sì jẹ nínú rẹ̀ ju ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Igi wọ́rọ́kọ́ tó ń da iná rú ni. Ó yẹ kí wọ́n yọ ọ́. Ẹjọ́ tí mo ń rò ni pé wọ́n fa igi náà yọ nígbà tí ọbẹ̀ ń hó lórí rẹ̀, láìpèsè igi mìíràn, ọbẹ̀ sì dà sí àwọn ọmọ tó jókòó ti àdògán lára.

Ibi tí odi àti ọ̀bẹ ti pàdé ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí, nítorí àwọn àgbà kì í sábà sọ ọ́ fún wa. Dọ́là ni aṣọ́bodè fi ń ṣírò iye ẹrù, kó tó sọ ọ́ di náírà. Ká ní oníṣòwò kan kó ẹrù 10,000 dọ́là wọlé, tí owó ibodè rẹ̀ jẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. 2,000 dọ́là ni yóò san. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí àwọn aṣọ́bodè ń ṣírò dọ́là kan ní nǹkan bíi 422 náírà, ìyẹn jẹ́ 844,000 náírà. Ní ọdún 2024, tí dọ́là di 1,500, ó di mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Aṣòfin kankan kò dìbò. Ẹnikẹ́ni kò kéde owó ibodè tuntun. Ìdá 20 náà ṣì ni. Síbẹ̀, owó náà ti di ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, iye tí wọ́n fi ń ṣírò dọ́là náà ń yí padà lọ́pọ̀ ìgbà láàárín oṣù kan, títí Báńkì Àpapọ̀ fi pàṣẹ pé iye ọjọ́ tí oníṣòwò kọ̀wé béèrè láti kó ọjà wọlé ni kí wọ́n máa lò. Ọkọ̀ ojú omi lè gbéra nígbà tí owó kan wà níta, kó sì dé Àpápá bá owó mìíràn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ gbé ìwé tó wà lọ́wọ́ yín sókè, kí ẹ wo bébà rẹ̀. Nàìjíríà kọ́ ilé iṣẹ́ bébà sí Ìwópin, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ó kọ́ òmíràn sí Jẹ́bà. Ká ní wọ́n ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ ni, dọ́là ì bá má kàn wá tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òkèèrè ni èyí tó pọ̀ jù nínú bébà wa ti ń wá, pẹ̀lú owó ibodè lórí rẹ̀. Ìwé ìkọ̀wé tí mo ń rà ní 150 náírà nígbà tí mo wà ní kíláàsì JSS1 ti di 400. Ta ni owó ibodè orí bébà ń dáàbò bò? Ọgbà ni a ṣe yí ilẹ̀ tí kò sí ọ̀gbìn nínú rẹ̀ ká.

Àwọn olùdókòwò ńkọ́? Àwọn kan máa ń sọ pé ìrora yìí ni yóò mú kí àwọn olùdókòwò rọ́ wọlé. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2023, GlaxoSmithKline, tó ti ń ṣe oògùn ní Àgbárá fún ọ̀pọ̀ ọdún, kéde pé òun ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà. Nínú oṣù Kejìlá, Procter & Gamble ní òun kò ní ṣe ọjà níbí mọ́; láti òkèèrè ni òun yóò ti máa kó o wá. Ẹ kíyè sí i: ilé iṣẹ́ tó wà nínú odi fi inú odi sílẹ̀. Kí Báńkì Àpapọ̀ lè kápá ọ̀wọ́ngógó ọjà, tó dé ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ó ti èlé gbé sókè títí ó fi di ìdá 27.5. Èlé tí ilé iṣẹ́ ń san ní báńkì nígbà náà kọjá ọgbọ̀n. Irú èrè wo ni àgbẹ̀ tàbí aránṣọ yóò jẹ tí yóò fi san irú èlé bẹ́ẹ̀? Ìjọba alára sì ń yá owó nígbà náà pẹ̀lú èlé tó lé ní ogún. Olówó tó bá ní làákàyè yóò yá ìjọba lówó, yóò sì lọ sùn, kàkà kó kọ́ ilé iṣẹ́ kó máa fi dísù tan iná.

Olùdókòwò kì í sì í ṣe ẹni tó wọ kóòtù nìkan. Ìyá mi náà olùdókòwò ni. Ó ti ń dá àjọ láti ra ẹ̀rọ tó ń lọ èlùbọ́ àti ẹ̀wà, ó sì ti bá àwọn ọmọbìnrin méjì ládùúgbò sọ̀rọ̀ pé wọn yóò wá bá òun ṣiṣẹ́. Nígbà tí epo di 617, ó ṣírò ohun tí jẹnẹrétọ̀ yóò máa mu lójúmọ́, ó sì fi owó náà ra ọjà pamọ́. Kò sí ìwé ìròyìn tó kọ ọ́ pé olùdókòwò kan ti sá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì ló bá a lọ, a sì lè ka irú ìyá bẹ́ẹ̀ ládùúgbò kọ̀ọ̀kan. Àwọn oníbàárà tó ń ra kóńgò lọ́wọ́ rẹ̀ ti di ẹni tó ń ra agolo.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé nítorí a jẹ́ tálákà ni èyí fi ń bá wa jà, kó wo Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1930, wọ́n gbé owó ibodè gun òkè níbẹ̀, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé tó lé ní 1,000 sì kọ̀wé bẹ ààrẹ wọn pé kó má fọwọ́ sí i. Ó fọwọ́ sí i. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn gbẹ̀san, òwò àgbáyé súnkì, ìyà tó ti bẹ̀rẹ̀ sì túbọ̀ pọ̀ sí i. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump tún kéde owó ibodè tuntun lórí ọjà láti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo orílẹ̀-èdè ayé. Ìdá 14 ló kọ́kọ́ bù fún Nàìjíríà, kó tó di 15. Láàárín ọjọ́ méjì, òṣùwọ̀n S&P 500, tí wọ́n fi ń wọn iye ìpín ìdókòwò àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ibẹ̀, já wálẹ̀ ju ìdá 10 lọ. Ní ọjọ́ 9 oṣù náà, nígbà tó ní òun sún èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ síwájú fún 90 ọjọ́, ó fò sókè ju ìdá 9 lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ilé iṣẹ́ wo ló jóná láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn? Kò sí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló gbé ọjà náà ṣubú, ọ̀rọ̀ ẹnu náà ló gbé e dìde. Ohun tó ń lé olùdókòwò sá ju owó orí lọ ni kó má mọ ohun tí òfin yóò jẹ́ lọ́la.

Ní ọdún kan náà ni ìjọba rẹ̀ gé ìnáwó, títí kan owó ìrànwọ́ ìlera tó ń wá sí Áfíríkà. Kí oògùn àwọn tó ní àrùn HIV má baà tán nílẹ̀ wa, àwọn aṣòfin wa ní Àbújá ní láti fi 200 mílíọ̀nù dọ́là kún ètò ìṣúná ìlera. Owó tí wọ́n gé ní Washington, Àbújá ló san án. Bí owó gígé ti rí nìyẹn: kì í pòórá, ọrùn ẹlòmíràn ló ń bọ́ sí.

Mo ti gbọ́ èsì àwọn tó ń ta kò mí. Wọ́n ní gbèsè pọ̀, wọ́n ní owó kò sí, wọ́n ní ìjọba ní láti fún ṣòkòtò rẹ̀ mọ́dìí. Òótọ́ ni pé gbèsè pọ̀. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àgbẹ̀ tí ebi ń pa lè dín ẹran ọbẹ̀ kù, ó lè dá àríyá dúró. Ohun tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn ni èbù iṣu. Ẹni tó bá jẹ èbù lọ́dún yìí ti jẹ oúnjẹ ọdún tó ń bọ̀. Ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn, iná àti ọ̀nà oko, èbù ni wọ́n. Ọkọ̀ bọ̀gìnnì àwọn olóṣèlú àti ìrìn àjò òkèèrè pẹ̀lú èrò rẹpẹtẹ, ẹran ọbẹ̀ nìyẹn. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé èbù ni ọ̀bẹ máa ń kọ́kọ́ kàn?

A sì ti rí irú rẹ̀ rí. Ní ọdún 1986, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gbé ètò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SAP kalẹ̀. Wọ́n gé ìnáwó, wọ́n tú náírà sílẹ̀, wọ́n ní ká fara dà á díẹ̀. Náírà tó lágbára ju dọ́là lọ ní 1985 di nǹkan bíi mẹ́jọ sí dọ́là kan ní 1990. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ yunifásítì kó ẹrù wọn lọ sí òkèèrè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì tú síta fẹ̀hónú hàn ní 1989. Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Ẹ sọ fún wa, ṣé “díẹ̀” yẹn ti parí?

Ṣùgbọ́n a tún ti rí ọ̀nà tó dára ju èyí lọ. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Kì í ṣe pé ọ̀fẹ́ náà já bọ́ láti ọ̀run. Owó orí ni wọ́n gbà, ó sì bí àwọn ènìyàn nínú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi fìdí rẹmi ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìdìbò àpapọ̀ ọdún 1954. Ọwọ́ òsì nìyẹn, ó sì dunni. Ṣùgbọ́n iye ọmọ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó jẹ́ nǹkan bíi 457,000 ní ọdún 1954, di 811,000 lọ́dún kan ṣoṣo. Bàbá tó ń ráhùn owó orí rí ọmọ rẹ̀ tó gbé síléètì délé. Ọwọ́ ọ̀tún nìyẹn. Ènìyàn lè fara da ìrora tó bá ń fojú rí ohun tí ìrora náà ń bí.

Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta ni mo ń béèrè. Èkíní, owó ibodè tí ìjọba bá bù láti dáàbò bo ọjà kan gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ ìparí, àti iṣẹ́ tí ìjọba fúnra rẹ̀ yóò ṣe láàárín wọn. Kí wọ́n má ṣe ti ẹnubodè lónìí, kí wọ́n ṣí i lọ́la. Nínú oṣù Keje ọdún 2024, ìjọba tún kéde pé kí ìrẹsì, àgbàdo àti ẹ̀wà wọlé láìsanwó ibodè fún 150 ọjọ́. Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n sọ fún pé kí wọ́n gbìn figbe ta. Àwa tó ń tà kò sì rí àpò ìrẹsì olówó pọ́ọ́kú kan ní sọ́ọ̀bù wa títí ọdún fi parí. Òfin tó ń ṣe bí ọ̀gà kò tẹ́ àgbẹ̀ lọ́rùn, kò tẹ́ ọlọ́jà lọ́rùn, olùdókòwò kankan kò sì ní gbọ́kàn lé e.

Èkejì, bí ìjọba bá máa gé ìnáwó, kó má gé e ní àsìkò tí ọjà ń wọ́n lọ́wọ́ kan náà, kó sì fi òfin dáàbò bo owó ilé ẹ̀kọ́ àti ti ìlera. Kí owó oṣù tuntun ṣíwájú iye epo tuntun. Kó má jẹ́ pé oṣù mẹ́rìnlá ni yóò fi tẹ̀ lé e.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n fi owó tí wọ́n rí pamọ́ hàn wá. Láti ìgbà tí ìrànwọ́ orí epo ti dópin, owó tí Àbújá ń pín fún àwọn ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ lóṣooṣù ti pọ̀ gidigidi. Kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ iye tó gbà mọ́ ara ògiri ilé ẹ̀kọ́ tó wà lágbègbè rẹ̀, kó sì kọ ohun tó fi ṣe sábẹ́ rẹ̀. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìṣirò; a ó bá wọn rò ó.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kọ́ wa ní èyí gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ń kọ́ wa ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ inú ìwé. Ẹ̀yin òbí, ẹ má dákẹ́ sí “ẹ fara dà á” mọ́. Ẹ béèrè pé títí di ìgbà wo, àti pé fún kí ni. Ìran tiwa ni yóò san gbèsè tí wọ́n bá jẹ lónìí, ìran tiwa náà sì ni ebi èbù tí wọ́n bá jẹ yóò pa. Ìjọba ti bá wa wí tó. Ọwọ́ ọ̀tún là ń retí.